Wọ́n rí nǹkan funfun nínú ẹ̀dọ̀fóró bàbá mi tó ń ṣe dáyálísísì, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

ỌmọObòkun (Iléṣà)
Ẹ kú ilé o ẹ̀yin ará. Ẹ jọ̀ọ́ mo nílò ìmọ̀ràn yín. Bàbá mi ti lé lọ́dún mẹ́ta lórí dáyálísísì, ẹ̀rọ tó ń bá kíndìnrín tí ò ṣiṣẹ́ mọ́ fọ ẹ̀jẹ̀, Ifẹ̀ la ti ń ṣe é, láti Iléṣà la ti máa ń wọkọ̀ lọ. Ó ti tó oṣù mélòó kan báyìí tí wọ́n ti ń wúkọ́, ikọ́ gbígbẹ ni o, kẹ̀lẹ̀bẹ̀ ò sí níbẹ̀, tí wọ́n bá sì rìn díẹ̀ wọ́n á máa mí hẹlẹhẹlẹ. A lọ ya ẹksiréè níbì kan, wọ́n ní àwọn rí nǹkan funfun lókè ẹ̀dọ̀fóró wọn lọ́tùn-ún lósì, wọ́n ní ikọ́ ife ni, wọ́n kọ oògùn rẹ̀ fún wa, bàbá ti bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó. Wọn ò yẹ kẹ̀lẹ̀bẹ̀ wò rárá. Ìgbà tí dókítà kíndìnrín wọn wá rí àwòrán yẹn ló ní ká lọ ya CT, àwòrán tó ń fi inú ara hàn ju ẹksiréè lọ, ohun tí wọ́n kọ sí rìsọ́ọ̀tì ni "metastatic pulmonary calcification". Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ka "metastatic", ọ̀rọ̀ tí wọ́n máa ń lò fún kánsà tó ti tàn káàkiri, ló bá bú sẹ́kún, ó ní kánsà ni. Dókítà ní kì í ṣe kánsà, ó ní kálísíọ́ọ̀mù ló lọ dì síbẹ̀, ṣùgbọ́n èrò pọ̀ ní kíńnìkì lọ́jọ́ yẹn, a ò ráyè bèèrè gbogbo ohun tó wà lọ́kàn wa. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ la máa padà lọ. Kí ló ń fa nǹkan yìí? Ṣé ó máa ń lọ? Kí la lè ṣe nílé? Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ wọn tó kẹ́yìn, calcium 2.6, phosphate 2.5. Ẹ ṣeun, ẹ ò ní rí ogun àìsàn.

Màmá Bọ́lá (Mọ̀ọ̀rè, Ifẹ̀)
Pẹ̀lẹ́ ọmọ mi. Ọkọ tèmi náà wà lórí ẹ̀rọ yẹn, mo mọ bó ṣe ń rí. Ká tó sọ nǹkan kan, báwo ni bàbá ṣe ń mí báyìí? Ṣé wọ́n lè fẹ̀yìn lélẹ̀ sùn àbí ìrọ̀rí ni wọ́n ń tò sẹ́yìn? Ẹsẹ̀ wọn ńkọ́, ṣé ó wú? Torí ẹni tó ń ṣe dáyálísísì tí mímí ń ṣòro fún, omi ló sábà máa ń jẹ́, omi tó pọ̀ jù lára tó ti dé inú ẹ̀dọ̀fóró, ìyẹn ò sì ṣe é fi dúró de ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Bí wọn ò bá lè fẹ̀yìn lélẹ̀, tàbí ètè wọn ń dúdú, tàbí àyà ń dùn wọ́n, tàbí ẹ̀jẹ̀ bá ikọ́ jáde, emájẹ́ńsì ni ẹ gbé wọn lọ lóru yìí kan náà, ọsibítù Wesley Guild wà nítòsí yín, ẹ má ní ó dìgbà tẹ́ ẹ bá dé Ifẹ̀.

ỌmọObòkun
Ẹ ṣé mà. Wọ́n ń sùn dáadáa, ẹsẹ̀ ò wú, wọ́n sì ń rí omi fà lára wọn dé ìwọ̀n tó yẹ nígbà dáyálísísì. Rírìn ló ń mú wọn mí sókè mí sílẹ̀, àti ikọ́ yẹn. Ara tún máa ń yún wọn gan-an lálẹ́, wọ́n sì ń ráhùn egungun.

NọọsìAgbà (Ìrẹ̀mọ, Ifẹ̀)
Àbúrò mi, èmi ti fẹ̀yìn tì, ṣùgbọ́n yàrá dáyálísísì ni mo ti lo èyí tó pọ̀ jù nínú ọdún iṣẹ́ mi, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe yé mi, tí àwọn tó mọ̀ jù mí lọ bá wà níbí kí wọ́n fi kún un.

Oúnjẹ tí à ń jẹ ní èròjà kan tí wọ́n ń pè ní fọ́sífeètì, ó wà nínú ẹran, ẹja, ẹ̀wà, mílíìkì, ọ̀pọ̀ nǹkan. Kíndìnrín tó ń ṣiṣẹ́ ló máa ń tọ èyí tó bá ṣẹ́kù dànù. Kíndìnrín yìí kan náà ló máa ń parí iṣẹ́ lórí fítámì D kó tó lè bá ara fa kálísíọ́ọ̀mù wọlé láti inú ìfun. Tí kíndìnrín ò bá wá ṣiṣẹ́ mọ́, fọ́sífeètì á máa gòkè nínú ẹ̀jẹ̀, kálísíọ́ọ̀mù á máa wálẹ̀. Àwọn kókó kéékèèké mẹ́rin kan wà lọ́rùn wa, paratáírọ́ìdì lorúkọ wọn, iṣẹ́ wọn ni láti máa ṣọ́ kálísíọ́ọ̀mù, tí wọ́n bá ti rí i pé ó lọ sílẹ̀ wọ́n á tú hòmóònù kan jáde tí wọ́n ń pè ní PTH, òun á lọ máa kó kálísíọ́ọ̀mù jáde látinú egungun. Wàhálà ibẹ̀ ni pé kò lè kó kálísíọ́ọ̀mù nìkan jáde, fọ́sífeètì tó wà nínú egungun á tẹ̀ lé e, kíndìnrín ò sì sí níbẹ̀ láti tọ̀ ọ́ dànù. Bó bá pẹ́ títí àwọn kókó yẹn á tóbi, wọn ò ní gba ìkìlọ̀ mọ́, bí kálísíọ́ọ̀mù tilẹ̀ ti tó, wọ́n á ṣì máa jẹ egungun lọ. Ibẹ̀ ni egungun ríro yẹn ti ń wá, ara yíyún náà lè bá a wá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé nǹkan mìíràn náà máa ń fa ara yíyún fún ẹni tó ní àìsàn kíndìnrín.

Nígbà tí méjèèjì bá wá pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀, wọ́n á dì mọ́ ara wọn, bí nǹkan funfun tó máa ń lẹ̀ mọ́ inú kétù tí wọ́n fi ń se omi kànga. Ó lè dì sí iṣan ẹ̀jẹ̀, sí ọkàn, sí abẹ́ awọ, sí ojú, sí ẹ̀dọ̀fóró. Èyí tó dì sí ẹ̀dọ̀fóró ni wọ́n rí lára bàbá yín. Kì í ṣe kánsà, kì í ràn, ẹ jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n yín obìnrin nu ojú wọn nù.

Ayàwòrán (Iléṣà)
Ẹ kú iṣẹ́ NọọsìAgbà, ẹ ti sọ ọ́ dáadáa. Iṣẹ́ àwòrán ni mò ń ṣe, mo fẹ́ sọ ìdí tí wọ́n fi máa ń pè é ní ikọ́ ife.

Ikọ́ ife fẹ́ràn òkè ẹ̀dọ̀fóró. Kálísíọ́ọ̀mù yìí náà òkè ló sábà máa ń lọ. Ìdí tirẹ̀ ni pé lókè ẹ̀dọ̀fóró, afẹ́fẹ́ tó ń wọlé pọ̀ ju ẹ̀jẹ̀ tó ń kọjá níbẹ̀ lọ, torí náà afẹ́fẹ́ burúkú tí à ń mí síta kì í pọ̀ níbẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ibẹ̀ ò sì kan tó ẹ̀jẹ̀ ìsàlẹ̀, ìyẹn ni pé àsíìdì rẹ̀ ò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Kálísíọ́ọ̀mù kì í rọrùn láti dì níbi tó bá kan, ibi tí ò kan ló ti ń dì. Ìdí kan náà ló fi máa ń lọ dì sí inú ikùn àti sínú kíndìnrín fúnra rẹ̀, torí pé ibẹ̀ ni ara ti ń lé àsíìdì jáde. Rudolf Virchow, dókítà ará Jámánì, ti kọ̀wé nípa irú kálísíọ́ọ̀mù báyìí láti 1855, kì í ṣe àìsàn tuntun rárá.

Nínú ẹksiréè lásán ó máa ń ṣòro láti dá a mọ̀. Ó lè dà bíi nìmóníà, ó lè dà bí omi, ó lè dà bí ikọ́ ife, ó tún lè má hàn rárá. CT ló máa ń fi í hàn, pàápàá tí wọ́n bá wò ó lójú àwòrán tó ń fi ẹran ara hàn, ibi funfun yẹn á wá funfun bí egungun, a tún máa ń rí i lára àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ tó wà ní ara àyà. CT yìí ò nílò àbẹ́rẹ́ tó ń mú àwòrán tàn, tí ẹnikẹ́ni bá tún fẹ́ yà á fún bàbá lọ́jọ́ iwájú ẹ kọ́kọ́ sọ fún wọn pé dáyálísísì ni wọ́n ń ṣe. Síkáànù egungun náà máa ń gbé e jáde, ṣùgbọ́n bí CT bá ti hàn kedere tí rìsọ́ọ̀tì ẹ̀jẹ̀ náà bá a mu, ó ṣọ̀wọ́n kí wọ́n tún gé nínú ẹ̀dọ̀fóró wò.

LábùMayfair (Ifẹ̀)
Ẹ jẹ́ kí n fi ti lábù sí i. ỌmọObòkun, àwọn nọ́ńbà tẹ́ ẹ kọ yẹn, calcium 2.6 àti phosphate 2.5, millimole ni wọ́n. Ẹ sọ calcium di mílígíráàmù, ẹ fi 4 sọ ọ́ di púpọ̀, ó di 10.4. Phosphate, ẹ fi 3.1 sọ ọ́ di púpọ̀, ó di 7.75. Tẹ́ ẹ bá wá fi méjèèjì sọ ara wọn di púpọ̀, nǹkan bíi 80 ló máa fún yín. Ọjọ́ ti pẹ́ tí àwọn dókítà kíndìnrín ti ń fẹ́ kí iye yìí má ju 55 lọ, tó bá ti kọjá 70 ẹ̀rù máa ń bà wọ́n pé kó má lọ dì síbi tí ò yẹ. Phosphate ẹni tí ara rẹ̀ le kì í ju nǹkan bíi 1.45 lọ. Calcium wọn ò tíì burú lójú, ó wà létí òkè, ṣùgbọ́n ẹ bèèrè bóyá wọ́n ṣírò álúbúmìn, ìyẹn purotéènì inú ẹ̀jẹ̀, mọ́ ọn, torí tí álúbúmìn ẹni bá lọ sílẹ̀ calcium á farahàn bíi pé kò pọ̀ nígbà tó jẹ́ pé ó pọ̀. Phosphate yẹn ló ga gan-an, òun gan-an ni kí ẹ bá jà.

Mo rí i pé ẹ ò kọ PTH. Ṣé wọ́n ti ṣe é rí? Láìsí PTH, dókítà ń rìn nínú òkùnkùn, kò ní mọ̀ bóyá àwọn kókó ọrùn yẹn ló ń ṣiṣẹ́ àṣejù àbí oògùn kálísíọ́ọ̀mù àti fítámì D ló pọ̀ jù. Ìtọ́jú méjèèjì ò jọra. Àyẹ̀wò yẹn wọ́n díẹ̀, mo mọ̀, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ tó ó ná.

Ẹ̀kejì, kẹ̀lẹ̀bẹ̀. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ọ̀rọ̀ kálísíọ́ọ̀mù yìí mú yín gbàgbé ikọ́ ife pátápátá o. Ẹni tó ń ṣe dáyálísísì, agbára ara rẹ̀ láti bá kòkòrò jà ti dínkù, ikọ́ ife tètè ń mú wọn ju àwa yòókù lọ, ó sì lè jẹ́ pé méjèèjì ló wà lára ẹnì kan. Ẹ ní kí wọ́n fi GeneXpert, ẹ̀rọ tó ń wá kòkòrò ikọ́ ife, yẹ kẹ̀lẹ̀bẹ̀ wò. Ọ̀fẹ́ ni nílé ìwòsàn ìjọba, oògùn rẹ̀ náà ọ̀fẹ́.

Bàbá Ìbejì (Ìsọ́kùn, Iléṣà)
Àbúrò, Ọlọ́run á wo bàbá sàn. Ohun tí èmi mọ̀ ni pé egungun tó ń ro wọ́n yẹn, kálísíọ́ọ̀mù ló dínkù níbẹ̀. Àwọn àgbà wa máa ń lọ èèpo ẹyin kúnná, tàbí ìkarawun ìgbín, wọ́n á pò ó mọ́ oyin, ẹni náà á máa lá a. Ẹ tún lè ra kálísíọ́ọ̀mù ní kẹ́mísì. Èyí tó bá rọrùn ni kẹ́ ẹ ṣe.

NọọsìAgbà
Bàbá Ìbejì, ẹ ṣeun fún ìfẹ́ tẹ́ ẹ ní sí bàbá yìí, mo sì mọ̀ pé ohun tẹ́ ẹ rí lọ́dọ̀ àwọn àgbà lẹ ń sọ. Ṣùgbọ́n fún ẹni tó wà lórí dáyálísísì ẹ jọ̀ọ́ ẹ má ṣe é, sà. Èèpo ẹyin àti ìkarawun ìgbín, kálísíọ́ọ̀mù kan náà tó ti lọ dì sínú ẹ̀dọ̀fóró bàbá ló wà níbẹ̀. Egungun wọn ò ro wọ́n torí pé kálísíọ́ọ̀mù ò tó nínú ẹ̀jẹ̀, ó ń ro wọ́n torí pé PTH ń jí i kó kúrò nínú egungun. Tẹ́ ẹ bá da èyí tó pọ̀ sí i lé e, kò ní dé egungun, iṣan àti ẹ̀dọ̀fóró ló máa lọ. Bákan náà ni fítámì D, kì í ṣe ohun tí à ń rà nítorí pé aládùúgbò ní ó dáa. Alfacalcidol, irú fítámì D kan tí dókítà máa ń kọ, ó ń mú kálísíọ́ọ̀mù àti fọ́sífeètì méjèèjì gòkè, nígbà tí rìsọ́ọ̀tì bá rí bíi ti bàbá yìí dókítà lè ní kí wọ́n sinmi rẹ̀.

Àgbo náà, mo bẹ̀ yín, ẹ fi sílẹ̀. Kò sẹ́ni tó mọ iye pòtásíọ́ọ̀mù tó wà nínú ìgò kan, ara wọn ò sì lè tọ̀ ọ́ dànù. Àti káún nínú ewédú àti ẹ̀wà, iyọ̀ ló fi ń kún ara wọn. Oògùn inú kíkan tí wọ́n ń tà ní ṣọ́ọ̀bù náà, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ní kálísíọ́ọ̀mù tàbí magníṣíọ́ọ̀mù nínú, ẹ kọ́kọ́ bèèrè.

Bàbá Ìbejì
Ẹ ṣé mà, mo ti gbọ́. Ó dáa kí ẹ sọ ọ́ báyìí, àbúrò ìyàwó mi náà ń lọ sí Ifẹ̀ fún dáyálísísì, mo máa pe ìyá rẹ̀ lónìí.

ỌmọObòkun
Háà, ẹ ṣé gan-an ni. Bàbá ń lo calcium carbonate o, dókítà ló kọ ọ́, àárọ̀ kí wọ́n tó jẹun ni wọ́n máa ń lò ó pẹ̀lú oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn. Ṣé kí wọ́n dá a dúró ni?

Àdúràgbà (Modákẹ́kẹ́)
Ẹ̀gbọ́n ẹ má dá a dúró fúnra yín, àmọ́ ẹ pe kíńnìkì lọ́la. Èmi gan-an ń ṣe dáyálísísì, oògùn yìí yé mi dáadáa torí ó ti wà lẹ́nu mi tipẹ́. Wọn ò fún wa torí egungun. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó di fọ́sífeètì inú oúnjẹ mú nínú ikùn, kó bá ìgbẹ́ jáde, kó má wọ ẹ̀jẹ̀. Torí náà àárín oúnjẹ ni wọ́n ń lò ó, ẹni tó bá jẹ òkèlè díẹ̀ á rún tábúlẹ́ẹ̀tì yẹn lẹ́nu, á wá máa bá oúnjẹ lọ. Tí wọ́n bá lò ó lórí inú òfo kò rí fọ́sífeètì kankan dì mú, ṣe ni ara á kàn fa kálísíọ́ọ̀mù inú rẹ̀ wọlé. Ẹ wá wò ó, oògùn tó yẹ kó máa gbà wọ́n ló ń fi kún ẹrù wọn. Oúnjẹ tó bá ní ẹran tàbí ẹja púpọ̀ ló nílò rẹ̀ jù, ògì lásán ò fi bẹ́ẹ̀ nílò rẹ̀, àmọ́ ẹ jẹ́ kí dókítà ló pín in fún yín. Tí wọ́n bá ń lo oògùn tó ń fi kún ẹ̀jẹ̀ tó ní áyọ́ọ̀nù (iron), tàbí wọ́n kọ ciprofloxacin, oògùn tó ń pa kòkòrò, fún wọn, ẹ má jẹ́ kí wọ́n lò ó pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kò ní jẹ́ kó ṣiṣẹ́.

Àti pé ẹ bi dókítà bóyá ó yẹ kí wọ́n yí i padà sí sevelamer, òun kò ní kálísíọ́ọ̀mù nínú. Ó wọ́n o, mi ò ní parọ́ fún yín, àwa mìíràn máa ń fi í sí oúnjẹ tó tóbi jù lóòjọ́ nìkan, lẹ́yìn tí dókítà ti fọwọ́ sí i. Ẹ tún bèèrè kálísíọ́ọ̀mù tó wà nínú omi dáyálísísì fúnra rẹ̀, torí ó lè jẹ́ 1.25, 1.5 tàbí 1.75, ọ̀pọ̀ wa ò mọ̀ pé omi yẹn náà ń fún wa ní kálísíọ́ọ̀mù.

Ti kókó ọrùn, wọ́n ti yọ tèmi. PTH mi ga débi pé oògùn ò ká a mọ́, cinacalcet, oògùn tó ń dín PTH kù, ń mú mi bì. Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ yẹn kálísíọ́ọ̀mù mi já wálẹ̀ gan-an torí egungun ń fà á padà, ètè àti ìka mi ń ṣe mí yínrinyínrin, wọ́n ń fún mi ní kálísíọ́ọ̀mù láti ojú iṣan. Ìgbà yẹn, kálísíọ́ọ̀mù yẹn ló gba ẹ̀mí mi. Ẹ rí i pé ohun tí dókítà ní ká má lò lónìí, òun kan náà ló lè ní ká lò lọ́la, rìsọ́ọ̀tì ẹ̀jẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀. Egungun ríro mi lọ sílẹ̀ púpọ̀, mo tún ń sùn.

Ẹlẹ́jaÀtàkúmọ̀sà (Iléṣà)
Mo rí ọ̀rọ̀ oúnjẹ mo ní kí n dá sí i. Ọjà Àtàkúmọ̀sà ni mo ti ń ta ẹja, ìyá ọkọ mi ṣe dáyálísísì títí wọ́n fi lọ, èmi ni mo ń dáná fún wọn, obìnrin tó ń bójú tó oúnjẹ wọn ní ọsibítù kọ́ mi púpọ̀.

Ẹ má fi ebi pa bàbá o. Ọ̀pọ̀ èèyàn tí wọ́n bá ti gbọ́ pé fọ́sífeètì wà nínú ẹran wọ́n á ní kí bàbá má jẹ ẹran mọ́, ẹni tó ń ṣe dáyálísísì nílò ẹran àti ẹja, ẹ̀rọ yẹn ń fọ nǹkan rere lọ pẹ̀lú nǹkan burúkú. Ohun tí à ń ṣe ni pé kí wọ́n jẹ èyí tó dáa níwọ̀nba. Funfun ẹyin dáa fún wọn, fọ́sífeètì ò pọ̀ níbẹ̀, inú pupa ẹyin ló wà. Ẹja tútù dáa, ṣùgbọ́n kí wọ́n má rún egungun, èmi mọ̀ pé àwọn bàbá wa fẹ́ràn kí wọ́n rún orí ẹja àti egungun adìyẹ, àbí kí wọ́n fa mùdùnmúdùn inú egungun, ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n, ibẹ̀ gan-an ni fọ́sífeètì àti kálísíọ́ọ̀mù jókòó sí. Pánlá, edé, sàdíìnì tó ní egungun nínú, kó dínkù gan-an. Tẹ́ ẹ bá ń se ẹran, ẹ gé e wẹ́wẹ́, ẹ bọ̀ ọ́, ẹ da omi àkọ́kọ́ yẹn nù kẹ́ ẹ tó fi sọbẹ̀, fọ́sífeètì díẹ̀ á bá omi yẹn lọ. Mo mọ̀ pé omi ẹran dídà nù ń dun èèyàn, àwa tí à ń sebẹ̀ mọ̀ pé ibẹ̀ ni adùn wà, àmọ́ ẹ lè fi àlùbọ́sà, ata, ìrú díẹ̀ àti efinrin gbé adùn padà.

Èyí tó burú jù ni ohun inú agolo àti inú ọ̀rá. Kóòkì dúdú yẹn, wọ́n po àsíìdì fọ́sífọ́ríìkì mọ́ ọn. Sọ́séèjì, ẹran inú agolo, ìndómì, wọ́n máa ń fi fọ́sífeètì sí wọn kó lè pẹ́, irú èyí tí wọ́n fọwọ́ fi sí i yìí ara máa ń fà á wọlé fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, nígbà tó jẹ́ pé ti ẹ̀wà, apá kan rẹ̀ á bá ìgbẹ́ lọ. Torí náà ẹni tó ń lé bàbá nídìí mọ́ínmọ́ín tó wá ń ra Kóòkì fún wọn, kò tíì ṣe nǹkan kan.

Akọ̀wéẸnuwá (Ifẹ̀)
Ẹ jọ̀ọ́ mo fẹ́ bèèrè, ẹ̀ẹ̀melòó ni bàbá ń ṣe dáyálísísì lọ́sẹ̀?

ỌmọObòkun
Ẹ̀ẹ̀kan ni sà. Nígbà mìíràn tówó ò bá sí ó lè di ọjọ́ mẹ́wàá. Dókítà ní mẹ́ta ló yẹ, ibo la ti fẹ́ rówó.

Akọ̀wéẸnuwá
Mo mọ̀ bó ṣe ń rí lára, àbúrò. Kò sẹ́ni tó máa dá yín lẹ́bi. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí, torí mo rò pé òun ni ìdí ọ̀rọ̀ yìí ju oúnjẹ lọ. Dáyálísísì kan tó gba wákàtí mẹ́rin, nǹkan bíi 800 mílígíráàmù fọ́sífeètì ló máa ń fà jáde, ohun tí èèyàn sì ń jẹ lóòjọ́ kan lè tó bẹ́ẹ̀ tàbí kó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn tó ń ṣe mẹ́ta lọ́sẹ̀ gan-an ò lè bá a dọ́gba láìsí oògùn. Ẹni tó wá ń ṣe ẹ̀ẹ̀kan, bó ṣe wù kó ṣọ́ ẹnu tó, yóò máa gòkè ni.

Lóṣù Kẹjọ 2025 ìjọba àpapọ̀ kéde pé àwọn ń dín owó dáyálísísì kù láti ₦50,000 sí ₦12,000 láwọn ọsibítù ìjọba àpapọ̀ kan, UCH Ìbàdàn wà nínú àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ dárúkọ, wọ́n ní àwọn máa fi òmíràn kún un. Ẹ lọ bá àwọn tó ń bójú tó ìrànwọ́ aláìsàn, medical social workers, ní OAUTHC, ọsibítù yunifásítì Ifẹ̀, ẹ bèèrè ibi tó dé dúró lọ́dọ̀ tiwọn àti bóyá ìwé NHIA bàbá, ìyẹn ìṣedúró ìlera ìjọba, lè bo apá kan. Ẹ mú rìsọ́ọ̀tì CT yẹn dání. Ẹ má tijú. Bó bá jẹ́ kí wọ́n lè fi ẹ̀ẹ̀kan kún un lọ́sẹ̀, ó máa ṣe ẹ̀dọ̀fóró yẹn lóore ju oògùn olówó gọbọi lọ.

ỌmọObòkun
Ẹ ṣeun sà, ọ̀la ni mo máa lọ. Ẹ̀yin NọọsìAgbà, ìbéèrè méjì ló kù. Ṣé ohun tó ti dì yẹn máa ń tú? Àti oògùn ikọ́ ife tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ yìí ńkọ́, ṣé kí wọ́n jù ú nù?

NọọsìAgbà
Ti àkọ́kọ́: ó máa ń tú lára àwọn kan, lára àwọn mìíràn kì í tú. Mo ti rí ẹni tí ti ẹ̀ dínkù lẹ́yìn tí wọ́n yọ paratáírọ́ìdì rẹ̀, mo sì ti gbọ́ ti àwọn tó lọ lẹ́yìn tí wọ́n pààrọ̀ kíndìnrín, bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn kan wà tí wọ́n pààrọ̀ kíndìnrín tí kálísíọ́ọ̀mù yẹn ṣì dúró síbẹ̀. Ohun tí ọwọ́ ń tó jù ni pé kó má pọ̀ sí i. Ẹ fi ọkàn balẹ̀ lórí èyí: ọ̀pọ̀ àwọn tó ní in ò mọ̀ pé àwọn ní in. Nígbà tí wọ́n yẹ òkú àwọn tó ti ṣe dáyálísísì wò, àwọn ìwádìí kan rí i lára 60 sí 75 nínú 100, ọ̀pọ̀ wọn ni kò sì dà láàmú nígbà ayé wọn. Ìyẹn ló ń mú mi sọ pé kí ẹ má fi gbogbo mímí hẹlẹhẹlẹ bàbá lé e lórí. Ẹ bèèrè iye ẹ̀jẹ̀ wọn, PCV, torí ẹ̀jẹ̀ tí ò tó máa ń jẹ́ kí èèyàn mí báyìí. Ẹ ní kí wọ́n ya ẹ́kò wo ọkàn wọn. Àwọn yẹn ní ìtọ́jú tó tètè ń hàn lára. Tẹ́ ẹ bá lè rí oxímítà ìka rà, ohun tó ń wọn ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀, ẹ máa wò ó lẹ́yìn tí wọ́n bá rìn, ẹ máa kọ ọ́ sílẹ̀.

Ti oògùn ikọ́ ife, ẹ má jù ú nù, ẹ má sì dákẹ́. Gbogbo páálí rẹ̀ ni kẹ́ ẹ kó dání lọ fún dókítà kíndìnrín. Àwọn kan nínú oògùn yẹn, bíi ethambutol àti pyrazinamide, ó yẹ kí wọ́n ṣírò rẹ̀ mọ́ kíndìnrín tí ò ṣiṣẹ́, ethambutol tó bá pọ̀ jù lè ba ojú jẹ́. Bí bàbá bá ní ojú ń ṣú wọn tàbí wọn ò dá àwọ̀ pupa mọ̀ sí ewéko mọ́, ọjọ́ yẹn gan-an ni kẹ́ ẹ lọ. Dókítà ló máa sọ bóyá kí wọ́n dúró kí wọ́n kọ́kọ́ yẹ kẹ̀lẹ̀bẹ̀ wò.

ỌmọObòkun
Kẹ̀lẹ̀bẹ̀ ọ̀hún gan-an ni ò sí, ikọ́ gbígbẹ ni.

LábùMayfair
Ó ṣe é ṣe. Wọ́n máa ní kí bàbá fa ìkùukùu omi iyọ̀ sínú láti inú ẹ̀rọ kékeré kan, kẹ̀lẹ̀bẹ̀ á jáde. Ẹ kàn sọ fún wọn ní kíńnìkì pé ti àárọ̀ ò jáde. Ẹ̀jẹ̀ PTH, ẹ bèèrè kí wọ́n fà á kí dáyálísísì ọjọ́ yẹn tó bẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú calcium, phosphate àti álúbúmìn lẹ́ẹ̀kan náà, kẹ́ ẹ má baà gún wọn lẹ́ẹ̀mejì.

ỌmọObòkun
Mo ti pe kíńnìkì. Wọ́n ní kí bàbá má lo calcium carbonate yẹn láìjẹun mọ́, àárín oúnjẹ ọ̀sán àti ti alẹ́ ni kí wọ́n máa lò ó títí a ó fi dé, wọ́n sì ní kí a kó oògùn ikọ́ ife wá lọ́la dípò ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Màmá mi ti kó Kóòkì tó wà nínú fíríìjì fún àwọn ọmọ àdúgbò.

Ayàwòrán
Ẹ kó ẹksiréè àtijọ́ wọn dání, pàápàá èyí tí wọ́n yà nígbà tí wọ́n ń bẹ̀rẹ̀ dáyálísísì, bó bá tilẹ̀ ti ká. Ẹ sì gba CT yẹn sórí sídíì, kì í ṣe ìwé rìsọ́ọ̀tì nìkan.